Ẹ pa ẹ́ńjìnì yẹn kí ẹ tó sùn: fáànù kọ̀ǹpútà méjì ti tó fún ọkọ̀ yín

1/
Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn nínú ọkọ̀, yálà nítorí ìrìnàjò ni o, nítorí iṣẹ́ ni o, kò gbọdọ̀ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lóru kí AC lè máa ṣiṣẹ́. Fáànù kọ̀ǹpútà méjì, power bank kan, àti ojú ihò méjì, ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé, ọ̀kan tí á gbà jáde. Ó tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó.

2/
Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé mi: èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń ṣe fídíò nípa àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Kòròpe àlòkù kan la fi ń rìn. A yọ àga ẹ̀yìn, a to pátákó, a tẹ́ fóòmù lé e, a so kọ́tìnì. A ti sùn nínú rẹ̀ ní Ìdànrè, ní Ìkògòsì, ní Àgbádárìgì, nínú ọgbà ilé ìtura tí wọ́n bá gbà ká páàkì sí. Owó yàrá tá ò san, òun la fi ń ra dátà.

3/
Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú DM wa kì í ṣe "báwo lókè Ìdànrè ṣe ga tó?" Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, báwo lẹ ṣe ń sùn nínú ooru yẹn?" Ìbéèrè gidi ni o. Tí a bá ti dáhùn pé a kì í tan AC, ohun tí wọ́n máa ń sọ tẹ̀ lé e ni: "Irọ́ ni." Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

4/
Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àwa tí à ń ṣe content nìkan. Ẹ ka iye èèyàn tó ń sùn nínú ọkọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Sángo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Island, tó máa ń sùn sínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ torí kò fẹ́ jí láago mẹ́ta àárọ̀. Awakọ̀ tírélà ní Ògèrè. Àwọn tó lọ òde tó jìnnà, tí wọn ò rílé dé sí. Àwọn tó wá sí ìpàgọ́ àdúrà. Gbogbo wọn ni ooru ń bá jà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń tan AC.

5/
Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń pa èèyàn níbẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń sọ pé "AC ló pa wọ́n." AC kì í pa èèyàn. Ẹ́ńjìnì tó ń yí AC ló ń mú èéfín jáde. Gáàsì kan wà nínú èéfín pẹtiró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ni lójú. Kò dà bí èéfín igi tó ń mú wa wúkọ́ tí a fi ń sá jáde.

6/
Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń gbé oxygen kiri ara. Hemoglobin lorúkọ rẹ̀. Carbon monoxide máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju bí oxygen ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì tí àwọn tí kì í sanwó ti jókòó kún inú rẹ̀, tí wọn ò sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Oxygen dúró sí búsítọ́ọ̀pù, kò ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ lara á ṣe máa wá oxygen tì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń wọ imú.

7/
Ẹni tó lajú sílẹ̀ lè fura. Orí á fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ara rẹ̀ á rọ. Á ṣílẹ̀kùn, á jáde. Ẹni tó ti sùn ńkọ́? Kò ní mọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Oorun á kàn máa jìn sí i ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kọ́rídọ̀ gan-an nìyẹn, a sì ti gbọ́ irú ìròyìn yẹn títí ó ti sú wa.

8/
"Ṣùgbọ́n ìta ni sàlẹ́ńsà wà." Òótọ́ ni. Àmọ́ mélòó nínú mọ́tò wa ni sàlẹ́ńsà rẹ̀ kò ní ihò? Mélòó ni rọ́bà ìdí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì já? Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń gbá èéfín lọ sẹ́yìn. Nígbà tó bá dúró sójú kan, pàápàá tó bá kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ńṣe lèéfín ń kóra jọ sábẹ́ ọkọ̀, tó ń wá ọ̀nà wọlé. Kò nílò ọ̀nà ńlá. Alẹ́ sì gùn.

9/
Ẹ tún wo ti owó. Mọ́tò tó dúró tó ń tan AC lè mu tó lítà pẹtiró kan ní wákàtí kan. Ẹ sun wákàtí mẹ́jọ, lítà mẹ́jọ ti lọ, ẹ ò sì kúrò lójú kan. Owó epo alẹ́ kan yẹn ju iye tí mo fi ra fáànù àlòkù mi méjèèjì lọ. Ẹ ń fi owó ra ewu, jàre.

10/
Ó dáa, kí ló dé tí ooru fi ń mú wa nínú ọkọ̀ kódà nígbà tí ìta ti tutù? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, irin tó ti ń yá oòrùn látàárọ̀ kì í tètè tutù. Èkejì ni ara àwa fúnra wa. À ń mí ooru jáde, à ń mí omi jáde, à ń làágùn. Láàárín wákàtí kan, inú ọkọ̀ tó tì pa ti dà bí inú ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé.

11/
Òógùn ló sì yẹ kó tù wá lára. Bí òógùn bá ṣe ń gbẹ, ó ń kó ooru kúrò lára lọ. Àmọ́ kò lè gbẹ tí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká bá ti kún fún ọ̀rinrin. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè làágùn títí, tí ara ò sì ní tutù. Ohun tí ẹ nílò kì í ṣe òtútù yìnyín. Ohun tí ẹ nílò ni kí afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ti lò jáde, kí tuntun wọlé.

12/
Ẹni tó kọ́ ilé àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa. Fèrèsé iwájú, fèrèsé ẹ̀yìn, kí wọ́n kojú síra, kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, ooru ló ń gbébẹ̀. Ọkọ̀ náà ò yàtọ̀. Fáànù tẹ́ ẹ gbé sínú ọkọ̀ tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ tì, afẹ́fẹ́ àtijọ́ ló kàn ń rò kiri bí ẹni ń ro àmàlà. Ó ń yí, àmọ́ nǹkan kan ò wọlé, nǹkan kan ò jáde.

13/
"Ṣebí kẹ́ ẹ kàn ṣí gíláàsì sílẹ̀ ni?" Mo bi bàbá awakọ̀ tírélà kan ní Ògèrè ní ìbéèrè yìí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ọmọ mi, a ń ṣí i. Ẹ̀fọn ń jẹ wá, òjò ń pa wá, olè sì ń na ọwọ́ wọlé wá mú fóònù. Tí atẹ́gùn ò bá wá fẹ́, gíláàsì tó ṣí náà, asán ni." Gbogbo ẹ̀ ló sọ tán yẹn. Gíláàsì ṣíṣí ń retí atẹ́gùn. Fáànù kì í retí ẹnikẹ́ni.

14/
Ibí ni fáànù kọ̀ǹpútà ti wọlé. Ẹ mọ fáànù onígun mẹ́rin tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì? Òun ni. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ni kó máa fa ooru jáde nínú àpótí kékeré, lójoojúmọ́, láìsinmi, láìjẹ iná púpọ̀. Kòròpe wa náà kì í ṣe nǹkan míì ju àpótí tó tóbi díẹ̀ lọ, àwa la wá jẹ́ ohun gbígbóná tó wà nínú rẹ̀.

15/
Iná tó ń jẹ ńkọ́? Ẹ yí fáànù náà padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí DC 12V, ẹ máa tún rí nọ́ńbà kan bíi 0.15A. 12 lọ́nà 0.15 jẹ́ 1.8. Iye watt tó ń jẹ nìyẹn. Gílóòbù LED kékeré inú yàrá yín ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù onídùúró tó wà nílé yín lè jẹ 50 watt. Méjì irú fáànù kékeré yìí ò pé 4 watt.

16/
Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ sórí power bank. Èyí tí wọ́n bá kọ 20,000mAh sí, tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n kọ (ẹ̀yin náà mọ ọjà wa), nǹkan bí 74 watt-hour ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ èyí tó máa ṣòfò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká ní ó ku 50. Fáànù méjì ń jẹ 3.6. 50 pín sí 3.6 lé ní wákàtí 13. Ẹ máa sùn, ẹ máa jí, á ṣì kù tẹ́ ẹ máa fi ṣáàjì fóònù.

17/
Wáyà tẹ́ ẹ nílò, ọ̀pọ̀ yín ti ní in nílé. Ṣẹ́ ẹ mọ wáyà tẹ́ ẹ fi ń gbé router lé power bank nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Èyí tó ń sọ 5V di 12V? Òun náà ni. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná so ẹnu rẹ̀ mọ́ wáyà fáànù. Kò sí iṣẹ́ abàmì kankan níbẹ̀.

18/
Ó kù kí ẹ bi mí pé: fáànù kékeré yẹn, kí ló fẹ́ fẹ́? Ìbéèrè tó dáa. Fáànù 120mm tó pé lè ti bí 1,400 lítà afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, tí nǹkan kan ò bá dí i. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan gba 200 lítà. Dúrọ́ọ̀mù méje nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí i, ẹ jẹ́ ká ní ìdajì rẹ̀ ti ṣòfò. Ó ku mẹ́ta àbọ̀.

19/
Ká wá ní inú kòròpe gba dúrọ́ọ̀mù ogún. Ogún pín sí mẹ́ta àbọ̀ kò pé mẹ́fà. Ìyẹn ni pé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, fáànù ti ti afẹ́fẹ́ tó tó gbogbo inú ọkọ̀ jáde. Nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kan. Èèyàn tó sùn, nǹkan bí lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Èèyàn méjì ò lè bá fáànù yìí díje láé. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó un, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

20/
Bí tiwa ṣe rí nìyí. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kòròpe wa ń yọ́ síwá sẹ́yìn. A gé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bá àlàfo gíláàsì mu, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. A gbẹ́ ojú ihò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi ìdè mú fáànù mọ́ ọn, a na nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀. Apá tí òjìji wà ni fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, a gbé e sísàlẹ̀. Apá kejì ló ń tì í jáde, a gbé ìyẹn sókè, torí òkè ni ooru ń lọ. Orí wa máa ń kọjú síbi tí tuntun ti ń wọlé.

21/
Tó bá jẹ́ fáànù kan ṣoṣo ni agbára yín ká, ẹ fi tì í jáde, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ihò mìíràn tó ní nẹ́ẹ̀tì sí òdìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ojú ihò kejì yẹn o. Fáànù tí kò ríbi fa afẹ́fẹ́ wọlé á kàn máa yí lásán ni. Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó: apá tó bá ti fa bébà mọ́ra ló ń gbà wọlé, apá kejì ló ń gbà jáde.

22/
Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin.
Ọ̀kan: 120mm tàbí 140mm ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe 80mm. Fáànù ńlá tó ń rọra yí kì í pariwo tó kékeré tó ń sáré.
Èjì: ẹ sá fún èyí tó nípọn tí wọ́n kọ 1.5A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí. Ti server nìyẹn. Ó ń jẹ iná, ariwo rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rọ ata.
Ẹ̀ta: ẹ fọwọ́ yí i, kó lọ gbọ̀ọ̀rọ̀ láìhá.
Ẹ̀rin: kí wọ́n tàn án kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó.

23/
Ọ̀rọ̀ wáyà: ọ̀pọ̀ ìgbà, dúdú ni negative, pupa ni 12V, yẹ́lò wà fún kíka eré fáànù, ẹ ò sì nílò ìyẹn. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé yẹ́lò gan-an ni 12V wọn, torí náà ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ní ẹnu fáànù, ojú àkọ́kọ́ ni negative, ìkejì ni 12V. Tó bá jẹ́ ojú mẹ́rin, ẹ fi ìkẹta àti ìkẹrin sílẹ̀. Fáànù á máa yí ní eré rẹ̀ tó ga jù.

24/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo bátìrì 12V dípò power bank, ẹ gbọ́. Bátìrì tí wọ́n ń ṣáàjì lọ́wọ́ lè dé 14.4V. Fáànù tí wọ́n ṣe fún 12V kò fẹ́ràn ìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ ra step-down kékeré kan, kẹ́ ẹ dá a dúró sí 12V. Ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sí 9V tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá kanra láìní fíúsì, iná ló ń dá.

25/
Bọ̀dá tó ń ṣe AC ọkọ̀ wa rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, fáànù kọ̀ǹpútà kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi gáàsì sí AC yín jàre." Mo ní, "Bọ̀dá, AC yẹn wà fún ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ oorun là ń sọ." Ó bi mí pé ṣé á tutù bí AC. Rárá o, kò lè tutù bí AC, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Fáànù ò lè mú inú ọkọ̀ tutù ju ìta lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí inú gbóná ju ìta lọ tó bẹ́ẹ̀. Lóru, ìyẹn ti tó láti sùn.

26/
Ọ̀sán ńkọ́? Kò tó. Mo tún un sọ: lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, fáànù yìí kò tó. Ẹ má fi ọmọ sínú ọkọ̀ torí pé fáànù wà níbẹ̀. Ẹ má fi ajá síbẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ lọ síbi tí ìbòòji wà. Ẹni tó bá ní fáànù kékeré ń rọ́pò AC ní ọ̀sán, ọjà ló ń tà.

27/
Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo thread yìí rèé: fáànù ò mọ afẹ́fẹ́ rere yàtọ̀ sí èéfín. Ohun tó bá bá lẹ́nu ihò ló máa fà wọlé. Tẹ́ ẹ bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ilé ìtura tàbí ti iléepo, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pe ikú wọlé. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ibùsùn, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Ta ló ní jẹnẹrétọ̀ níbí? Mọ́tò wo ló fẹ́ tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ mọ́jú? Ẹ kúrò níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì tan gáàsì ìdáná tàbí èédú nínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké tó bá gbọ́ carbon monoxide. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

28/
Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo ní fún àwa tí à ń ṣe content. Àwọn fídíò òyìnbó tẹ́ ẹ ń wò, wọ́n á gé ihò sórí ọkọ̀, íǹṣì 14 sí íǹṣì 14, wọ́n á gbé fáànù bíi MaxxFan sí i. Ó ń fẹ́ gan-an, mi ò bú u. Àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni. Wọ́n á sì rán lẹ́ta sí wa pé ká polówó irú ẹ̀ fún yín, káwa náà jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ń wò wá á wo owó náà, á ní "èyí kì í ṣe tèmi," á wá lọ tan AC rẹ̀ sùn.

29/
Ìyẹn gan-an ni ìjà mi. Tí a bá ń fi ohun tọ́wọ́ ò lè tó nìkan han àwọn èèyàn, kì í ṣe pé wọn ò ní rìnrìn àjò mọ́. Wọ́n á rìn. Wọ́n á sùn nínú ọkọ̀. Ewu ni wọ́n á fi rọ́pò ohun tí wọn ò lè rà. A ń ya kọ́tìnì, a ń ya iná wíńníwínní tó ń tàn yìrìyìrì, a ń ya tíì tó ń hó. Ta ló ń ya ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé? Kò rẹwà lójú kámẹ́rà, mo mọ̀. Àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà nínú fídíò jí láàárọ̀.

30/
Àwọn kan á ní, "Ẹni tó lówó AC, kó tan AC." Ẹ má binú, ọ̀rọ̀ owó kọ́ nìyẹn. Carbon monoxide ò mọ olówó. Jíìpù tuntun àti kòròpe àlòkù, ẹ́ńjìnì ni ẹ́ńjìnì. Àwọn míì á ní, "Mo ti ń sùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, nǹkan kan ò ṣe mí." A dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tó ṣe ò lè wá sínú comment wá sọ tiẹ̀.

31/
Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan lèyí wúlò fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe POS nínú kíósì onípáànù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù nínú kọ̀ǹténà, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí yàrá yín ní fèrèsé kan ṣoṣo: òfin kan náà ni. Ojú ihò méjì tó kojú síra, fáànù kan tó ń fa wọlé, ọ̀kan tó ń tì jáde, lórí power bank tẹ́ ẹ ti ní. Jẹnẹrétọ̀ lè sinmi lálẹ́.

32/
Torí náà, ẹ bá mi fi thread yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan pàtó. Kì í ṣe sí gbogbo ayé. Ẹ ronú kan ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó máa ń sùn nínú mọ́tò: bọ̀dá yín tó ń wakọ̀, ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Island, dádì yín tó máa ń sùn sọ́kọ̀ níbi òkú. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì. Tí wọ́n bá ní ooru ń mú, ẹ ra fáànù méjì fún wọn. Ẹ̀mí ò ní ààrọ̀.

33/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ sábẹ́ ibí, kò gbọdọ̀ rẹwà dandan. Ẹ kọ irú ọkọ̀, iye fáànù, àti wákàtí tí power bank yín lò. Kí ẹlòmíì rí i pé èèyàn bíi tirẹ̀ ló ṣe é. Ìbéèrè nípa wáyà, ẹ bi mí, mo wà níbí títí di aago mẹ́wàá alẹ́ òní. Ẹ sùn ire.